Àjẹkù Tí Mo Fi Sílẹ̀ fún Àbẹ̀kẹ́

Wọ́n ti gbé ọmọ mi wọlé. Ilẹ̀kùn náà funfun, ó ní gíláàsì kékeré kan lókè, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi bébà bo gíláàsì náà láti inú. Nọ́ọ̀sì ní ká jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ní ó lè tó wákàtí mẹ́ta, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wá ní kí Ẹ̀bùn, ọmọ-ọmọ mi, mú bírò. Mi ò kàwé. Mi kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mi ò bá sọ èyí lónìí tí ilẹ̀kùn yẹn ṣì wà ní títì, mi ò rò pé mo lè sọ ọ́ mọ́.

"Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́, Bàbá?"

"Bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó o kọ ọ́. Má tún un ṣe."

Àbẹ̀kẹ́ ni ọmọ mi tó wà nínú ilé yẹn. Òun ló bí Ẹ̀bùn. Ìjù ló wà nínú ilé ọmọ ẹ̀. Lóṣooṣù, ẹ̀jẹ̀ á máa dà lára ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, ọjọ́ méjìlá, títí ojú ẹ̀ á fi funfun bí ẹ̀kọ. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló máa tán an. Ṣùgbọ́n ó ní ara ẹ̀ ti tóbi jù, àwọn ò lè fún un ní oorun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ abẹ, ó lè sùn kó má jí mọ́. Ó ní kó lọ dín ara kù ná. Síkéèlì ọsibítù ní kílò mẹ́rìndínláàádọ́jọ ni. Dókítà ní òun fẹ́ kó bọ́ sí márùndínlọ́gọ́fà. Mi ò mọ ìwé, ṣùgbọ́n mo mọ báàgì sìmẹ́ǹtì. Àádọ́ta kílò ni ọ̀kan. Ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó báàgì mẹ́ta. Wọ́n ní kó sọ ohun tó lé ní ààbọ̀ báàgì kalẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tó tán lára ẹ̀.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe fi ilé sílẹ̀. Kétu ni mo ti wá, Kétu ti ọ̀hún, lábẹ́ ìjọba àwọn tó ń sọ Faransé. Tí mo bá sọ ọ́ fún wọn ní Ajah, wọ́n á ní, "Bàbá, ìyẹn ò jìnnà, mọ́tò kan ni." Kétu tiwọn tó wà l'Ékòó ni wọ́n ń rò. Mi kì í jà sí i.

Àgbàdo àti iṣu ni mo ń gbìn nílé. Èkó ni Àbẹ̀kẹ́ lọ́kọ sí, ọkọ náà kú, ó wá ń ránṣọ fi tọ́ Ẹ̀bùn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀, tí kò lè jókòó sídìí ẹ̀rọ mọ́, ó pè mí. Kò sọ pé kí n wá. Ó kàn ń sunkún lórí fóònù. Ẹsẹ̀ ìyá ẹ̀ ò dáa, kò lè rìnrìn àjò. Èmi ni mo dìde. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, Ìyá Àbẹ̀kẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ bá mi tọ́jú ọmọ mi. Ẹ má jẹ́ kó rù. Ẹni tó bá rù nílẹ̀ àjò, gbogbo ayé á mọ̀ pé ìyà ló jẹ ẹ́. Kó máa jẹ nínú abọ́ yín bó ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀."

Mo ní mo gbọ́.

Nílé tiwa, bàbá kì í jẹun tán. Bí mo ṣe bá a lọ́wọ́ bàbá mi nìyẹn. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ wà ní kékeré, ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń jókòó sí tí mo bá ń jẹun. Kì í wo ojú mi, abọ́ ló máa ń wò. Tó bá ku òkèlè mẹ́ta tàbí mẹ́rin, pẹ̀lú ẹja díẹ̀, màá ti abọ́ sí i. Á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Mi ò sọ fún ọmọ kankan rí pé mo fẹ́ràn ẹ̀. Ta ló ń sọ ọ́? Abọ́ ló ń bá mi sọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́ ti lé lógójì ọdún nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ní Addo, lẹ́bàá Ajah. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, mo jẹ ọkà, ó ku díẹ̀, mo ti abọ́ sí i láìronú. Ó di tábìlì mú, ó rọra kúnlẹ̀ pẹ̀lú bí orúnkún ṣe ń dùn ún. "Ẹ ṣé, Bàbá." Omi bọ́ lójú ẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti dé.

Yàrá méjì là ń gbé nínú ọgbà tí ayálégbé mẹ́sàn-án wà. Tí òjò bá rọ̀, omi á wọlé wá kí wa. Mo rí àdúgbò tí wọ́n ń ti gééti bí ẹni ti ilé. Mo rí ilé tó ga ju igi lọ, tí kò sí ẹni tó ń gbé inú ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo rí ló yà mí lẹ́nu jù. Ọkùnrin kan nínú ọgbà wa mú mi lọ sí Igbó Ẹfọ̀n, sí ilé kan tí gíláàsì bò láti òkè délẹ̀. Wọ́n ń wá àgbàlagbà tí yóò máa ṣí gééti láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

"Kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀?"

"Wọn ò ta nǹkan kan, Bàbá. Àwọn èèyàn ń wá sanwó níbẹ̀ kí wọ́n lè rù."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń fi àlejò ṣe yẹ̀yẹ́. Nílé wa, ẹni tó sanra, ó rí jẹ ni. Ẹni tó bá rù, wọ́n á bi í pé ta ló kú. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Láràárọ̀ ni mò ń ṣí gééti fún ọkùnrin àtobìnrin tó gbé mọ́tò ńlá, tí wọ́n rí jẹ, tí wọ́n wá ń sanwó kí wọ́n má jẹ.

Ìbéèrè kan péré ni wọ́n kọ́ mi. "Ẹ káàárọ̀, ta lẹ wá rí?" Mò ń bi wọ́n bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́. Tí gééti bá dákẹ́, mo máa ń bi ara mi. Ìwọ náà, ta lo wá rí? Àbẹ̀kẹ́ ni. Ìyẹn á tó mi títí di ọjọ́ kejì.

Bàbá Àgànyìn ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Màá sọ Yorùbá fún wọn, wọ́n á ní, "Bàbá, Yorùbá yín yìí mà dáa o, níbo lẹ ti kọ́ ọ?" Lẹ́nu ìyá mi ni. Màá kàn ṣí gééti fún wọn. Tí mo bá sì pe ilé, Ìyá Àbẹ̀kẹ́ á ní, "Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ bí ará Èkó." Àwọn tibí ní mi ò kì í ṣe tibí, àwọn tọ̀hún ní mo ti ń kúrò ní tọ̀hún. Mo wà lẹ́nu gééti.

Ọ̀nà mẹ́ta la tọ̀ kí ara ọmọ yìí lè dín. Tíì ni àkọ́kọ́. Obìnrin kan ló ń tà á ní òpópónà Addo. Ó lẹ àwòrán mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù ẹ̀: obìnrin kan náà, lápá òsì ó sanra, lápá ọ̀tún ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní kí Àbẹ̀kẹ́ máa mu ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́. Ó ní, "Sista mi, láàárín oṣù kan ẹ ò ní mọ ara yín mọ́." Òótọ́ ni, torí Àbẹ̀kẹ́ ò kúrò nínú ṣáláńgá mọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo ọgbà wa ń lò. Àwọn ayálégbé á tò síta, wọ́n á máa kanlẹ̀kùn.

"Ìyá Ẹ̀bùn, ṣé ẹ ti kó lọ síbẹ̀ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"A ò bínú o. Ẹ kàn bá wa sọ fún lándílọ́ọ̀dù pé yàrá yín ti di mẹ́ta."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àbẹ̀kẹ́ náà rẹ́rìn-ín láti inú lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, síkéèlì ní ogóje. Inú wa dùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ oṣù dé, ó bá ara tí kò lókun mọ́, ọmọ mi sì ṣubú lulẹ̀ lójúde. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára ní ọsibítù. Ó jáwọ́ nínú tíì. Kó tó pẹ́, ara tó lọ ti padà, ó tún mú èèyàn dání bọ̀: mọ́kàndínláàádọ́jọ. A padà lọ bá ìyá onítíì. Ó ní tíì òun ò ní ẹ̀bi, ara Àbẹ̀kẹ́ ló ní agídí, kó mú èyí tó lágbára jù ú lọ.

Ìgbà yẹn ni mo lọ bá màdámù tó ń wọn èèyàn níbi iṣẹ́ mi. Mi ò bèèrè nǹkan kan rí lọ́wọ́ ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí kọnkéré. Ó sáré gbá mi mú lápá. "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi, ẹ tó bàbá bí mi." Ó gba Àbẹ̀kẹ́ síbẹ̀, ó sì dín owó náà kù fún un.

Nínú ike ni oúnjẹ tiwọn ń wá. Ọlọ́kadà á gbé e dé láàárọ̀, ike mẹ́ta, ọ̀kan fún àárọ̀, ọ̀kan fún ọ̀sán, ọ̀kan fún ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ti fi ìwọ̀n wọn gbogbo ẹ̀. Wọ́n tún fún un ní ìwé kan tí ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Wọ́n ní ohunkóhun tó bá wọ ẹnu ẹ̀, bó jẹ́ hóró ẹ̀pà kan, kó kọ ọ́ síbẹ̀. Orí tábìlì ni ìwé náà máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ mi. Mo máa ń rí i tó ń kọ nǹkan sínú ẹ̀ tí a bá jẹun tán. Inú mi máa ń dùn pé ọmọ tí mo bí mọ ìwé kọ.

Mo wo ike ìrọ̀lẹ́ náà lọ́jọ́ kìíní. Ewébẹ̀ ni, pẹ̀lú adìyẹ bíńtín, àti ọ̀dùnkún tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ.

"Ti ẹyẹ nìyí?"

"Tèmi ni, Bàbá. Wọ́n ní á tó mi."

Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo rántí ọ̀rọ̀ ìyá ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, mi ò ṣẹ́ òkèlè mẹ́ta kù, ìdajì ọkà ni mo ṣẹ́ kù, mo sì fi orí ẹja sílẹ̀ sí i. Mo ní ebi ò pa mí. Ó wo abọ́ náà, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, Bàbá."

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn lójoojúmọ́. Bí ojú ẹ̀ bá ṣe rẹ̀ ẹ́ tó ni mo ṣe ń ṣẹ́ oúnjẹ kù tó. Ilé-ẹ̀kọ́ ní Ẹ̀pẹ́ ni Ẹ̀bùn wà nígbà náà, ìgbà ìsinmi nìkan ló ń wálé, kò rí wa.

Kílò mẹ́jọ lọ ní oṣù méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, síkéèlì dúró gbagidi. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún ń gùn. Lọ́jọ́ kan, màdámù tó ń wọn èèyàn ń jáde lọ sílé. Ó dá mọ́tò ẹ̀ dúró lẹ́nu gééti, ó sọ gíláàsì kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nílé yín..."

"Kí ni, màdámù?"

"Kò sí, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́."

Ó gbé gíláàsì sókè, ó lọ. Mo rò ó títí. Mo rò pé ó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni.

Ní ìparí oṣù karùn-ún, wọ́n ní Àbẹ̀kẹ́ ò ṣe é tọkàntọkàn, kó fi ààyè sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Èmi tí mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Mo dé ilé, mo bá a lórí àga.

"Kí lò ń jẹ ní ìkọ̀kọ̀?"

Ó gbójú sókè wò mí. Ojú tó fi wò mí yẹn, lórí bẹ́ǹṣì yìí ni mo ti tún ń rí i.

"Mi ò jẹ nǹkan kan ní ìkọ̀kọ̀, Bàbá."

Mi ò gbà á gbọ́. Ìrọ̀lẹ́ yẹn kan náà ni mo tún ṣẹ́ oúnjẹ kù fún un, tó kúnlẹ̀, tó jẹ ẹ́.

Ìyá ẹ̀ pè.

"Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń dúró díẹ̀díẹ̀." Irọ́ ni. Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun."

"Nínú abọ́ yín?"

"Nínú abọ́ mi ni."

"Olúwa á dá yín sí fún un."

Mo ṣe àmín.

Ẹ̀kẹta ni ẹgbẹ́ kan ní Ikate Elegushi. Ọ̀kan nínú àwọn tí Àbẹ̀kẹ́ ń ránṣọ fún ló sọ fún un. Wọn ò ta tíì, wọn ò gbé ike wá. Obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, Ìyá Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Ní gbogbo Sátidé, wọ́n á san owó díẹ̀, wọ́n á gun síkéèlì lójú ara wọn, wọ́n á sọ bí ọ̀sẹ̀ ṣe rí. Ẹni tó dín, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó lé, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún òun náà torí pé ó wá. Lẹ́yìn náà wọ́n á rìn lọ sí etí òkun, wọ́n á rìn bọ̀. Mi ò ní sọ pé idán ni. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ti ń pàtẹ́wọ́ fún ọdún mẹ́ta tí síkéèlì ò mì. Ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin kan: kí oṣù kìíní tó pé, kí oníkálukú mú ẹni tó ń bá a jẹun nílé wá.

Àbẹ̀kẹ́ ò fẹ́ kí n lọ. Ó ní kí n sinmi, ó ní oòrùn pọ̀. Mo ní mò ń lọ. Ẹ̀bùn wà nílé fún ìsinmi, ó bá wa lọ. Ní ẹ̀bá títì, kẹ̀kẹ́ Màrúwà kan dúró, awakọ̀ wo ọmọ mi láti orí dé ẹsẹ̀.

"Màdámù, ti ẹni méjì lẹ máa san o. Táyà mi ò kì í ṣe irin."

"Màá san án," ni Àbẹ̀kẹ́ wí. Ó wọlé, ó ń wo òde títí a fi dé.

Ìyá Nọ́ọ̀sì gbé àga fún mi lábẹ́ igi. Ìwé aláwọ̀ ewé yẹn, tí Àbẹ̀kẹ́ ti fi hàn án, wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ìrìn o. Ṣé ẹ mọ ìwé kà?"

"Rárá."

"Ẹ̀bùn, gbà, kà á fún Bàbá. Má ka ti àárọ̀, má ka ti ọ̀sán. Ti ìrọ̀lẹ́ nìkan ni kó o kà."

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, mo bẹ̀ yín," ni Àbẹ̀kẹ́ wí.

Ẹ̀bùn bẹ̀rẹ̀. "Mọ́ńdè, ìrọ̀lẹ́. Ike kan. Àjẹkù Bàbá, òkèlè mẹ́jọ, orí ẹja. Túsìdeè, ìrọ̀lẹ́. Ike kan. Àjẹkù Bàbá, òkèlè mẹ́wàá. Wẹ́sìdeè, ìrọ̀lẹ́. Ike kan. Àjẹkù Bàbá, ìdajì abọ́. Bàbá ní ebi ò pa àwọn. Irọ́ ni. Mo jẹ ẹ́."

Ohùn ọmọ náà ń lọ sílẹ̀. Mo ní ó tó.

"Kò tíì tó, Bàbá," ni Ìyá Nọ́ọ̀sì wí. "Oṣù márùn-ún gbáko lọmọ yín fi kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó kà á."

Ó kà á. Mo jókòó, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ọkà tí mo jẹ kù, ẹja tí mo yọ sílẹ̀, gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo rò pé mò ń ṣe bàbá fún un. Àwọn tó ń wọn ara wọn lọ́ọ̀ọ́kán ń pàtẹ́wọ́ fún ẹnì kan.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Àbẹ̀kẹ́ ń wo ilẹ̀. "Kí n ní kí ni, Bàbá? Kí n ní kẹ́ ẹ má ṣẹ́ oúnjẹ kù fún mi mọ́? Ẹ fi ilé yín àti ìyá mi sílẹ̀ torí mi. Kí n wá kọ abọ́ yín?"

"Ó sàn kó o kú ni?"

Ẹni tó bá kọ àjẹkù bàbá ẹ̀ nílé wa, bíi kó kọ bàbá náà ni. Ọmọ dáadáa ni mo tọ́. Ohun tí mo tọ́ ọ láti ṣe ló ń ṣe.

"Màdámù ibi iṣẹ́ yín rí i nínú ìwé," ni Ìyá Nọ́ọ̀sì wí. "Àbẹ̀kẹ́ ló bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún yín. Bàbá, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ ṣáà jẹ oúnjẹ yín tán."

Ẹ̀bùn, o rántí ọjọ́ yẹn.

"Mo rántí, Bàbá."

Kọ ọ́ pé o rántí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n gbé ọkà fún mi. Àbẹ̀kẹ́ jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Abọ́ ló ń wò, bó ṣe ń wò ó nígbà tó wà ní kékeré, mi ò rò pé ó mọ̀ pé òun ń wò ó. Ó ku òkèlè mẹ́rin. Mo jẹ ọ̀kan. Ó ku mẹ́ta. Ọwọ́ mi fẹ́ ti abọ́ náà fúnra ẹ̀. Mo jẹ méjì. Ọ̀kan tó kù, mo fi omi tì í lọ sísàlẹ̀. Mo dìde, mo gbé abọ́ lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo fọ̀ ọ́. Ayálégbé méjì ń fọṣọ níbẹ̀.

"Bàbá Kétu, ṣé wọ́n ti lé yín kúrò nílé ni? Àgbà ń fọ abọ́?"

"Wọn ò lé mi."

"Ebi ló ń pa wọ́n," ni èkejì ẹ̀ wí. "Ẹ ò rí i bí abọ́ ṣe mọ́ kó tó kan omi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo fi wọ́n sílẹ̀. Òwe àgbà tó ń ru igbá rẹ̀ délé, èébú ni. Mo gbà á. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ru tèmi.

Mo pe ilé, mo sọ òtítọ́ fún Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Mo ní ọmọ máa rù, mo ní dandan ni kó rù.

"Ẹ ti wá ń jẹ oúnjẹ yín tán lójú ọmọ mi."

"Mò ń jẹ ẹ́ tán."

Ó pa fóònù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi pè mí. Nígbà tó pè, kò kí mi. Ó ní, "Ó ku mélòó?" Láti ìgbà náà, ìbéèrè ẹ̀ nìyẹn. Mo máa ń sọ ọ́ fún un ní báàgì sìmẹ́ǹtì, torí òun náà ò mọ kílò.

Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Oṣù kan á lọ sílẹ̀, oṣù tí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ kò ní lè rìn, á dúró. Lọ́jọ́ tó bọ́ sí ọgọ́fà, à ń bọ̀ láti Ikate nínú kẹ̀kẹ́, awakọ̀ ní, "Màdámù, ẹ bá mi sún díẹ̀, ẹnì kan ń bọ̀." Àbẹ̀kẹ́ sún. Obìnrin kan wọlé, ó jókòó tì í, àyè sì gbà wọ́n. Àbẹ̀kẹ́ wo iwájú, kò wò mí. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ó san ti ẹnì kan. Ó dúró sẹ́bàá títì, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí nǹkan tí wọn ò mú un.

Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí nípa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí mo lè sọ ò pọ̀. Onítíì ò bi wá ní nǹkan kan. Àwọn onílé gíláàsì bi ọmọ mi ní ohun tó ń jẹ, wọ́n sì ṣe é dáadáa, kílò mẹ́jọ lọ lọ́wọ́ wọn, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Àwọn ti Ikate bi í ní ẹni tó ń bá a jẹ ẹ́. Ká ní ibẹ̀ la kọ́kọ́ lọ ni. Ká ní mo mọ ìwé kà ni. Ojoojúmọ́ ni ìwé yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ya bí omi ẹ̀rọ. A gbé e wá síbí. Wọ́n wọ̀n ọ́n: mẹ́tàdínlọ́gọ́fà. Dókítà wo ìwé ẹ̀, ó wo èmi.

"Bàbá, kò tíì dé ibi tí mo fẹ́. Ó ku kílò méjì. Ṣùgbọ́n a ò lè dúró mọ́. Ewu tó wà nínú dídúró ti ju ewu tó wà nínú iṣẹ́ abẹ lọ."

"Kílò méjì yẹn, ṣé wọ́n lè pa á?"

"Ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà, Bàbá."

Kílò méjì. Mo mọ abọ́ tí wọ́n ti jáde wá.

Láàárọ̀ yìí, kí wọ́n tó gbé e wọlé, wọn ò jẹ́ kó jẹ, wọn ò jẹ́ kó mu. Ó di ọwọ́ mi mú. Mo rò pé ó máa sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi nípa Ẹ̀bùn, tàbí ìyá ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ rí i pé ẹ jẹun o." Mo ní màá jẹun.

Oòrùn ti wà lókè báyìí. Ẹ̀bùn lọ ra ìrẹsì wá níwájú ọsibítù, ó bu tèmi sínú abọ́ tí a gbé wá láti ilé. Mi ò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí. Mò ń jẹ ẹ́ bí mo ṣe ń sọ èyí. Ó wá ku ṣíbí mẹ́ta, pẹ̀lú ẹja díẹ̀. Ọwọ́ mi dúró.

Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń jẹun tán. Lónìí, mi ò lè jẹ ẹ́ tán. Mo fi ọmọrí dé e. Nọ́ọ̀sì kan ń kọjá lọ, ó na ọwọ́.

"Bàbá, ṣé kí n bá yín gbé abọ́ yẹn kúrò?"

"Rárá. Ó ní ẹni tó ni ín."

Kò ní jẹ ẹ́. Wọn ò ní jẹ́ kó jẹ ẹ́, èmi náà ò ní jẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá lajú, ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé mo ti jẹun. Mo fẹ́ sọ fún un pé mo jẹun, ó sì ṣẹ́kù.

Ilẹ̀kùn náà ṣì wà ní títì. Abọ́ wà lórí ẹsẹ̀ mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, kó má baà tutù.